Orí Kẹrin: Àyè Kan Tó Ṣófo

Jọláadé tún tẹ ìlà àpapọ̀ náà, iye kan náà ló tún jáde. Nínú òpó orúkọ tó wà lójú ẹ̀rọ, ó ka ilé igba ó lé méjìlá. Nínú òpó ọmọ, ó ka igba ó lé mọ́kànlá. Ilé kan ti rá mọ́ ọn lójú láàárín òpó kan sí èkejì, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó kó kúrò ní Àgọ́-Olómi láti ìgbà tí ìkọ̀wé ti bẹ̀rẹ̀.

Ó mọ ilé tó rá. Kó tó wo ojú ẹ̀rọ náà délẹ̀ ló ti mọ̀. Ó kàn ń ṣe bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ tó ní òun ò gbọ́ ni. Nígbà tó dé ìlà náà, bó ṣe rò ó ló rí: Dúrótolú, aláwọ̀n, ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá kejì. Níbi tó yẹ kí iye ọmọ wà, kò sí nǹkan kan. Kò sí òdo pàápàá. Àyè náà ṣófo gbáà.

Àǹtí rẹ̀ ni Dúrótolú. Àbúrò bàbá rẹ̀ ni, obìnrin tó gbà á lọ́wọ́ agbẹ̀bí lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ kú.

"Ṣé ó ti bá ara mu?" Ọ̀gbẹ́ni Fáṣànmí ló béèrè. Òun ni aṣojú Ìgbìmọ̀ Ìṣípò tó ń kó àwọn ìlú tí omi ń bò lọ sókè, ọkọ̀ afẹ́fẹ́ ló gbé e wá láti ọ̀hún, ó sì ti ń kó bàtà rẹ̀ sórí àga láti àárọ̀ kí omi má bàa kàn án, nítorí pé omi ti ń yọ láàárín pákó ilé ìpàdé.

"Ó ku ẹyọ kan, sà."

"Ẹni náà ti yan ìsàlẹ̀ nìyẹn."

"Kò yan nǹkan kan, sà. Kò kàn dáhùn ni."

"Lójú ìbéèrè yìí, ọ̀kan náà ni." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà. Èèyàn dáadáa ni, ó kàn ti ka ìlú tó pọ̀ ni.

Jọláadé gbé ọwọ́ kúrò lórí máòsì. "Ṣé a ò lè ní kó máa fi òpó orúkọ ka ilé, dípò òpó ọmọ? Kò sẹ́ni tí kò lórúkọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo máa tẹ̀ ẹ́, á ti yí padà."

Fáṣànmí na ìka sí èdìdì pupa tó wà lára ikùn ẹ̀rọ náà. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì àtijọ́ ni, irú èyí tí àwọn bàbá bàbá wọn lò, tí wọ́n ti gé gbogbo okùn tó lè fi bá ẹ̀rọ mìíràn sọ̀rọ̀. Òun nìkan ni òfin fọwọ́ sí láti ka èèyàn. Àwọn ẹ̀rọ ńlá tó gbọ́n ti ka ìlú rí, wọ́n sì ti kọ́kọ́ mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ kí iye náà gbè kí wọ́n tó kà á. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ ọ́ pé ẹ̀rọ tí kò lẹ́nu kì í purọ́.

"A ò lè yí ìbéèrè padà láìjá èdìdì yìí. Bó bá sì já," ni Fáṣànmí wí, "ẹ máa padà sẹ́yìn gbogbo ìlú tó ń dúró. Ṣé omi á dúró dè yín?"

Jọláadé pa iná ojú ẹ̀rọ náà, ó sì wá bàtà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ní Àgọ́-Olómi, kò sẹ́ni tó ń sọ pé obìnrin kan kò bí. Kò tíì bí ni wọ́n ń wí, ìbáà jẹ́ ẹni àádọ́rin ọdún tí gbogbo irun orí rẹ̀ ti funfun. Ọmọ ń bọ̀ lọ́nà, ọ̀nà ló jìn. Bí ìwé kan bá wá dé láti ibikíbi tó ń béèrè ọmọ, ṣe ni wọ́n ń fi àyè náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lè bá ibi jókòó sí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é látayébáyé nìyẹn, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára rí. Àwọn tó ṣe ìbéèrè Ìgbìmọ̀ lókè ọ̀hún kò mọ̀. Ilé tí wọ́n kọ́ sókè, bí ọmọ bá ṣe pọ̀ tó ni yàrá ṣe pọ̀ tó, wọ́n bá ní kí òpó ọmọ yìí kan náà máa ro iye ọmọ pọ̀ fún wọn, kó sì máa ka ilé fún wọn. Lójú tiwọn, ẹni tí kò bá lọ́mọ yóò kọ òdo, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ta ló máa ń ronú irú nǹkan báyìí?

Àyè àwọn ilé mélòó kan ló ṣófo bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Jọláadé ti bẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin kan ní òun á gba òdo bó bá máa ṣe àmín sí àdúrà ọmọ tí òun máa gbà lé e lórí, Jọláadé sì ṣe àmín náà títí ohùn rẹ̀ fi ha. Bàbá kan ní kó kọ òdo sí tòun, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ kí ìyàwó òun gbọ́. Kò mọ̀ pé ìyàwó náà ti wá sọ ohun kan náà lọ́jọ́ tó ṣáájú. Àǹtí rẹ̀ ló fi ṣe ìkẹyìn. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé tàǹtí òun ló máa rọrùn jù. Irọ́ ló ń pa. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Ó bá Dúrótolú lórí pẹpẹ ẹ̀yìnkùlé, ó na àwọ̀n sórí itan méjèèjì, ó ń dí ojú ihò. Kò sí ẹja nínú omi náà mọ́ láti ìgbà tí wọn ò tíì bí Jọláadé. Ike ni àwọn èèyàn ń fi àwọ̀n kó báyìí, ike ni àwọn ọlọ́kọ̀ ń wá rà, ike náà ni wọ́n fi kọ́ àwọn ilé tó wà lókè.

"Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí." Ó kúnlẹ̀.

"O kú iṣẹ́ ìjọba. Dìde, pákó yẹn tutù. Kí ló dé tí o fajú ro báyìí, ta ló ṣe ọ́?"

"Ẹ̀yin ni."

Dúrótolú rẹ́rìn-ín. "Ó dáa náà. Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ ò kọ nǹkan kan sí òpó ọmọ."

"Kí ni kí n kọ síbẹ̀?" Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró lórí àwọ̀n.

"Òdo, Àǹtí."

Ìgbà yìí ni ọwọ́ náà dúró. Dúrótolú yọ okùn tó fi eyín gé kúrò lẹ́nu, ó wo inú omi, ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú, bàbá Jọláadé, lójú ọmọ náà, ó ní, "Ṣé ẹ̀rọ yẹn ò mọ̀ pé mo wà ni? Àbí orúkọ mi ò sí níbẹ̀?"

"Orúkọ yín wà. Ṣùgbọ́n òpó ọmọ ló fi ń ka ilé. Bó bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òpó náà, gbogbo àyè tí nǹkan bá wà nínú rẹ̀ ló máa kà, ìbáà jẹ́ mẹ́jọ, ìbáà jẹ́ òdo. Èyí tó bá ṣófo, á fò ó."

"Òdo wá ju àyè tó ṣófo lọ?"

"Lójú ẹ̀rọ, òdo jẹ́ ìdáhùn. Tó bá ṣófo, bí ìgbà tí wọn ò bi èèyàn rí ni."

"Àwọn ará ìta ò kúkú bi mí rí," ni Dúrótolú wí. "Wọ́n ń ṣe mí jẹ́jẹ́. Aládùúgbò tó ti wà níhìn-ín láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, kò bi mí rí."

Jọláadé sún mọ́ ọn, ó di etí àwọ̀n náà mú. "Ẹ gbọ́ mi, Àǹtí. Tí mo bá ro òpó yẹn pọ̀, òdo yín ò ní fi nǹkan kan kún un, kò sì ní yọ nǹkan kan kúrò. Kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Ìgbà tí mo bá ń ka ilé nìkan ló máa wúlò. Ẹ máa wọlé, ó parí."

"Ìwọ ńkọ́? Kí ni o kọ sí tìrẹ?"

"Òdo."

Àǹtí rẹ̀ yí ojú sí i pátápátá. "O fọwọ́ ara rẹ kọ ọ́?"

"Òǹkà ni, Àǹtí. Kì í ṣe èpè."

"Ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn nítorí ọjọ́ ṣì wà níwájú rẹ. Lọ́jọ́ tí tìrẹ bá dé, wàá pa òdo rẹ́, wàá kọ nǹkan mìíràn. Èmi, bí mo bá kọ ọ́, ó tán nìyẹn." Ó ń sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni ń ka ohun tó ti há sórí. "Ìyá ọkọ mi wá bi mí, mo ní ó ń bọ̀. Ó kú. Ọkọ mi bi mí títí ó fi fẹ́ òmíràn, mo ní ó ń bọ̀. Òun náà kú. Ọmọ ìyàwó kejì ti bímọ, mo ṣì ń wí bẹ́ẹ̀. Mi ò fi ẹnu mi yìí sọ ọ́ rí pé kò sí. Gbogbo ayé tó fẹ́ kí n sọ ọ́, mi ò sọ ọ́ fún wọn. Ìwọ wá ní kí n wá sọ ọ́ fún ẹ̀rọ."

Omi kún ojú Jọláadé. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni àǹtí òun ń sọ, ó sì mọ̀ pé òótọ́ náà máa pa á.

"Ẹ kọ ọ̀kan, nígbà náà."

"Ọ̀kan ta?"

"Èmi. Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ tọ́ mi ni?"

"Má tún sọ bẹ́ẹ̀ mọ́." Ohùn rẹ̀ le. "Ìyá rẹ di ọwọ́ mi mú lọ́jọ́ náà, ó ní kí n má jẹ́ kí o gbàgbé òun. Mo ṣèlérí. Àwọn ará ilé rẹ̀ ní àgàn ń wá ọmọ ọlọ́mọ jí gbé. Mo ní kí wọ́n máa wò ó, o ò ní pè mí ní ìyá láéláé. O pè mí rí?"

"Ẹ ò jẹ́ kí n pè yín."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àti pé mo gbọ́ òfin yín, etí mi ò di. Ẹni tó bá bọ́ sí ìlà ẹlòmíràn bí ọmọ, ìlà tirẹ̀ ti tì nìyẹn. Kò ní ilé tirẹ̀ lókè, kò sì gbọdọ̀ jókòó sídìí ẹ̀rọ mọ́ láéláé, kó má bàa di pé èèyàn kan ń ka ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé ibi tí mo rán ọ nílé ìwé dé nìyẹn, kí o wá padà sí orí ẹní mi?" Ó fa àwọ̀n rẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. "Lọ sílé. Mo fẹ́ parí ojú ihò yìí kí oòrùn tó wọ̀."

Jọláadé lọ. Lórí afárá, ó yọ àwòrán ilé tó máa jẹ́ tirẹ̀ lókè jáde, èyí tí Fáṣànmí fún un. Yàrá kan ni, fèrèsé kan, ìta tó gbẹ. Fáṣànmí ti sọ fún un pé bí ìlú rẹ̀ bá ti gòkè tán, Ìgbìmọ̀ á mú un, á máa rìn kiri láti ka àwọn ìlú yòókù. Ó fẹ́ iṣẹ́ náà. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, ó fẹ́ ẹ gan-an ni. Láti kékeré tó ti ń fi ìka tẹ̀lé òǹkà lára ògiri ilé ìpàdé ló ti ń fẹ́ kí òun ni ẹni tí gbogbo ìlú máa dákẹ́ fún kí iye tó jáde. Ó tún fẹ́ ilẹ̀kùn kan tí òun nìkan ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Ó padà sí ìdí ẹ̀rọ, ó kọ òdo sí ìlà àǹtí rẹ̀. Iye ilé tó wà ní ìlà àpapọ̀ gòkè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ pé. Lẹ́yìn náà ló pa á rẹ́. Lọ́la, wọ́n máa pe àyè kọ̀ọ̀kan sókè lójú gbogbo ìlú, ẹni tó ni ín á sì dáhùn. Bí àǹtí rẹ̀ bá gbọ́ òdo yẹn látẹnu Fáṣànmí, níwájú àwọn ìyàwó ilé àti ọmọ ọmọ orogún rẹ̀, kò ní í bá Jọláadé sọ̀rọ̀ mọ́ títí ayé, kò sì ní gba òdo náà.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni ìlú péjọ. Wọ́n gbé ẹ̀rọ sórí tábìlì gíga, àwòrán ojú rẹ̀ hàn lára ògiri kí gbogbo èèyàn lè rí i, dígí tí wọ́n ń tẹ àtẹ́lẹwọ́ sí fún ẹ̀rí sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Jọláadé jókòó sídìí rẹ̀. Fáṣànmí dúró, ó ń pe orúkọ. Ẹni tí wọ́n bá pè á dìde, á sọ iye ọmọ rẹ̀, àwọn ọmọ á wá fi àtẹ́lẹwọ́ kan dígí, wọ́n á rẹ́rìn-ín nítorí pé ó tutù. Àwọn tó gba òdo sọ ọ́ jẹ́jẹ́, wọ́n sì tètè jókòó. Obìnrin tó béèrè àmín lọ́jọ́sí wo ojú Jọláadé, Jọláadé sì mi ètè rẹ̀ bí ẹni ń ṣe àmín.

"Dúrótolú, aláwọ̀n. Ọmọ mélòó?"

Dúrótolú dìde. Kò sọ nǹkan kan.

Àwọn èèyàn ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ nínú wọn, ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó lè gbójú sókè.

"Màmá," ni Fáṣànmí wí, "bí ẹ ò bá dáhùn, ìbéèrè á fò yín."

"Kó fò mí. Omi ò ní fò mí."

"Ọkọ̀ ò ní padà wá o. Mo fẹ́ kó yé yín."

"Ó yé mi, ọmọ mi. Pe ẹlòmíràn."

Àmì kékeré kan tó ń dúró de ìkọ̀wé ń ṣẹ́jú nínú àyè tó ṣófo lára ògiri, gbogbo ìlú sì ń wò ó. Ọwọ́ Jọláadé wà lórí bọ́tìnnì. Àǹtí rẹ̀ kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ẹnu ọ̀nà. Jọláadé rí i pé ó ti wọ aṣọ tó dára jù lára àwọn aṣọ rẹ̀, èyí tó ní òun ń tọ́jú de ọjọ́ ìkómọ. Ìfẹ́ tó ní sí obìnrin náà gùn un. Ó ronú nípa fèrèsé rẹ̀, ó ronú nípa ìdí ẹ̀rọ tó jókòó sí, ó sì mọ̀ pé bí òun bá tún ronú sí i, òun ò ní lè ṣe é.

Ó tẹ ọ̀kan. Ó dìde, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé dígí.

Ariwo sọ ní ilé ìpàdé. Fáṣànmí rẹ ohùn sílẹ̀. "Jọláadé, o mọ ohun tí o ṣe?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

"Ìlà kan ṣí, ìlà kan á tì. Iye ilé ò ní kúrò níbi tó wà. Tìrẹ lo fi dí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Àga yẹn náà ńkọ́?"

"Mo ti kúrò lórí rẹ̀, sà."

Dúrótolú ti ń bọ̀ láàárín àwọn èèyàn, ó ń fi ìgúnpá tì wọ́n. "Pa á rẹ́. Jọláadé, mo ní kí o pa á rẹ́. Mo bá ìyá rẹ ṣàdéhùn."

"Ẹ ti mú àdéhùn yín ṣẹ." Jọláadé kò gbé ọwọ́ kúrò lórí dígí. "Oríkì ìyá mi lẹ kọ́ mi kí ẹ tó kọ́ mi ní tèmi. Mo mọ bó ṣe ń rìn, mo mọ orin tó fẹ́ràn, ẹ ti sọ ọ́ fún mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń lá àlá rẹ̀. Mi ò lè gbàgbé rẹ̀ mọ́, kódà bí mo bá fẹ́. Tiyín ti parí, Àǹtí. Eléyìí, tèmi ni. Òfin ní ọmọ lè fẹnu ara rẹ̀ dáhùn."

"Ọmọ lè dáhùn," ni Fáṣànmí wí, "ṣùgbọ́n ẹni tó ni ìlà ló máa gbà á. Màmá, ọmọ yín ni, àbí ọmọ yín kọ́?"

Dúrótolú wo ògiri. Ó wo nọ́ńbà kékeré tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Ó wo Jọláadé, ó sì ṣe bí ẹni tó fẹ́ nà án.

"Ẹ rí agídí rẹ̀?" Gbogbo ìlú ló ń bá sọ̀rọ̀. "Bó ṣe rí láti kékeré nìyẹn. Mo ní kó má lọ sétí afárá, etí afárá ni mo ti ń lọ mú un. Ibà mú un, mo pọ̀n ọ́n títí ilẹ̀ fi mọ́, ara rẹ̀ ò tíì tutù tán tó tún sá jáde. Mo rà á ní bàtà, ó sọ ọ́ sómi, ó ní òun fẹ́ wò ó bóyá á léfòó. Ta ló tún máa gba irú èyí? Ẹ bá mi wá ẹni tó máa gbà á."

"Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo máa kọ, Màmá."

Dúrótolú di ọwọ́ Jọláadé mú.

"Ọmọ mi ni," ló wí. "Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Ọmọ mi ni."

Jọláadé lọ jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, Fáṣànmí sì pe orúkọ ẹni tó kàn.